Àtẹ́lẹwọ́ Àgbá

Èékánná ọkùnrin náà mọ́ tónítóní. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ sọ nìyẹn, òun gan-an ló sì da ọ̀rọ̀ rú mọ́ Ìyá Ṣódálójú lójú.

"Apá ni wọ́n fi fún un lọ́rùn," ni dókítà wí. "Kì í ṣe okùn, kì í ṣe ìka ọwọ́. Wọ́n sì fún un pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń mí o, ṣùgbọ́n kò tíì jí, mi ò sì lè ṣèlérí fún yín pé yóò jí."

"Kò ha ẹni tó fún un lọ́rùn?"

"Kò ha ẹnikẹ́ni. Kò sí awọ lábẹ́ èékánná rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí òwú aṣọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí nìyí." Dókítà yí ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà sókè. Àtẹ́lẹwọ́ náà pọ́n, ó wú, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ lásán gbá ògiri léraléra.

Ìyá Ṣódálójú tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni obìnrin yìí, iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń ṣe. Orúkọ tí à ń pè é yìí kọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè wí níwájú rẹ̀ kó má béèrè pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún un lórúkọ náà. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń fi ẹ̀rín pè é.

Ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ kúrú, èjìká rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì tán. Oníjàkadì ni. Àgbá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀ yẹ kó ha, kó fà, kó géni jẹ. Èyí tó lágbára tó báyìí, kí ló dé tí èékánná tirẹ̀ fi mọ́?

"Kò jà," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kí ló wá fi ọwọ́ yìí ṣe?"

*

Lójú ọ̀gá àgọ́, ẹjọ́ náà ti parí.

"Yàrá ìkẹ́rùsí gbọ̀ngàn ìjàkadì ni wọ́n ti bá Àgbá nílẹ̀ lánàá," ni ó wí, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìka. "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá a jìjàkadì kẹ́yìn. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún gbọ̀ngàn wọn ní ìdíje tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì ló ń dù ú. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́ nígbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ní Àgbá ò ní í débẹ̀, pé òun á ti mú un mọ́lẹ̀. O ní kò ha ẹnikẹ́ni. Ta ni ènìyàn kì í ha? Ọ̀rẹ́ ẹni ni."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Ó dá mi lójú. Láàárọ̀ ọ̀la, a ó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bí o bá rí nǹkan mìíràn, mú un wá kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Kí ni Tẹ́ẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ wí?"

"Ó ní òun kọ́. Kí lo fẹ́ kó wí?"

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n a kì í sọ ìyẹn fún ọ̀gá ẹni lójúkojú. Ìyá Ṣódálójú kí i, ó jáde.

Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́. Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aránṣọ ni, téèpù tó fi ń wọn ènìyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kúlà oúnjẹ méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó wà látìmọ́lé, èkejì jẹ́ ti ẹni tó wà lọ́sibítù.

"Ẹni tó wà lọ́sibítù ò tíì lè jẹun, Màmá," ni Ìyá Ṣódálójú rọra sọ fún un.

"Mo mọ̀. Èmi náà ni mo máa gbé e padà sílé. Àmọ́ tí mo bá se ti ẹnì kan tí mi ò se ti èkejì, á dà bí ẹni pé mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi." Ó fi etí ìró nu ojú. "Láti kékeré ni Àgbá ti ń jẹun nílé mi. Aṣọ kan náà ni mo gé tí mo fi rán ṣòkòtò ìjàkadì fáwọn méjèèjì. Bí ẹ bá wá sọ fún mi pé ọmọ mi ló ṣe ọmọ mi báyìí, ta ni kí n bá sunkún?"

Ìyá Ṣódálójú jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì. Àánú obìnrin náà ṣe é gan-an.

"Ẹ ṣáà bá mi wá sílípáàsì rẹ̀," ni ìyá náà tún wí. "Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n gbé e dé ọsibítù. Mo wá a dé gbọ̀ngàn, mi ò rí i. Dúdú ni. Okùn ti òsì já, èmi ni mo fi òwú pupa rán an. Bó bá jí, kí ni yóò wọ̀ wálé?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò ka ọ̀rọ̀ sílípáàsì sí nǹkan. Ó rò pé ìyá tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ kàn ń wá nǹkan kékeré kan tí agbára rẹ̀ á ká ni.

*

Gbọ̀ngàn ìjàkadì náà kò ju yàrá ńlá kan lọ. Ẹní onífóòmù ni wọ́n tẹ́ ká ilẹ̀, òógùn ọ̀pọ̀ ọdún sì ti gbé àwọ̀ rẹ̀ lọ. Bàtà kì í wọ ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni kálukú ń bọ́ tirẹ̀ sí. Sájẹ́ǹtì tó tẹ̀lé Ìyá Ṣódálójú, ọkùnrin oníkùn ńlá kan, mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ tú okùn bàtà.

Àgbàlagbà tí gbogbo wọn ń pè ní Kóòṣì ló gbà wọ́n lálejò. Òun ló ń kọ́ àwọn oníjàkadì, òun náà ló rí Àgbá nílẹ̀. Ó mú wọn wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Yàrá náà há. Ògbólógbòó ẹní onífóòmù kan wà láàárín rẹ̀, sìmẹ́ǹtì lásán ló yí i ká. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ọ̀kan wọ inú gbọ̀ngàn, èkejì tì pa.

"Ibo ni ìyẹn já sí?" ni Ìyá Ṣódálójú béèrè.

"Ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà lẹ́yìn wa ni. Ibí ni míta iná wọn wà, torí náà àwọn ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwa kì í lò ó."

"Báwo lẹ ṣe bá Àgbá?"

"Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló wà lórí sìmẹ́ǹtì."

Ìyá Ṣódálójú ròyìn àtẹ́lẹwọ́ tó wú fún un. Kóòṣì wá àpótí kan jókòó lé, ó sì wo sìmẹ́ǹtì náà.

"Ó tápù," ni ó wí.

"Ó kí ni?"

"Tápù-áùtù. Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀, àwa oníjàkadì là ń lò ó."

Sájẹ́ǹtì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun náà jókòó ní kíláàsì rí. "Tápù ni ẹnu ẹ̀rọ omi," ni ó wí. "Áùtù ni ìta. Ṣé omi ló ń jò jáde ni?"

"Sájẹ́ǹtì, jẹ́ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sọ ọ́."

Kóòṣì na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá Ìyá Ṣódálójú léjìká, pẹ́, pẹ́, pẹ́. "Òun nìyẹn. Bí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá jà bá mú yín lọ́rùn tàbí lápá, tẹ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ di ti ẹ̀mí tàbí ti eegun, ẹ ó lù ú báyìí. Ara rẹ̀ lẹ ó lù, tàbí ilẹ̀. Bí ọwọ́ bá há, ẹ ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó tó, mo gbà fún ọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì lù gbọ́dọ̀ tú ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ béèrè ìdí, kò gbọ́dọ̀ wo ojú réfírì. Kí n tó kọ́ ọmọ kankan bí wọ́n ṣe ń gbéni ṣubú, èyí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tú ọwọ́, lílé ni mo máa lé e, kò ní í padà síbí mọ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Bàbá? Mo gbọ́ pé Àgbá fẹ́ fi yín sílẹ̀ lọ bá kóòṣì mìíràn."

Ojú bàbá náà le. Ó gbé apá òsì rẹ̀ sókè. Apá náà ò lè nà tán, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ká tán.

"Irú mímú tẹ́ ẹ̀ ń wí yìí, apá méjì ló ń gbà. Ọ̀kan á yí ọrùn ká, ọ̀kan á tì í lẹ́yìn. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n mú mi lápá yìí, agídí ò jẹ́ kí n tápù. Ẹni tó mú mi ń dúró kí n lù ú, èmi ń dúró kó rẹ̀ ẹ́. Eegun mi ló ṣáájú àwa méjèèjì gbà." Ó sọ apá náà kalẹ̀. "Àgbá fẹ́ lọ lóòótọ́. Mo bá a bínú. Ọmọ tó bá dàgbà á lọ náà ni."

Ìyá Ṣódálójú tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń fura sí.

*

Ọ̀nà ni wọ́n wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ náà jọ.

"Sájẹ́ǹtì, bí mo bá yọ sí ọ lẹ́yìn báyìí, tí mo fún ọ lọ́rùn, kí ni wàá ṣe?"

"Màá gé yín jẹ, mà. Ẹ má bínú."

"Bó ṣe yẹ nìyẹn. Àgbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Eré ló rò pé àwọn ń ṣe. Ó lu ilẹ̀ pé ó tó, ó sì ń dúró kí wọ́n tú òun sílẹ̀, torí pé láti ọjọ́ tó ti ń jìjàkadì, wọ́n ń tú u sílẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn láti jà. Ó ń lu ilẹ̀ náà títí tí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn."

Sájẹ́ǹtì ní, "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wa jàre. Ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kóun tú ọwọ́ tí kò tú u, Tẹ́ẹ́rẹ́ ni."

"Tàbí ẹni tí kò mọ̀."

"Ta ni yóò bá oníjàkadì ṣeré ọrùn fífún tí kò ní í mọ̀?"

Ìyá Ṣódálójú fi ìbéèrè náà sọ́kàn. Ó yà sí àtìmọ́lé kó lọ wo Tẹ́ẹ́rẹ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, apá rẹ̀ sì gùn. Oúnjẹ ìyá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò tíì ṣí i. Ìyá Ṣódálójú ní kí wọ́n mú un jáde sí ọ́fíìsì, kó wá fi bí wọ́n ṣe ń múni lọ́rùn hàn òun lára Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà, àmọ́ ó jókòó. Tẹ́ẹ́rẹ́ yí apá mọ́ ọn lọ́rùn láti ẹ̀yìn.

"Ṣé o mú un le?" ni Ìyá Ṣódálójú béèrè. "Ó dára. Báyìí lo ṣe mú ọ̀rẹ́ rẹ? Nítorí ìdíje? Ẹni tó ń jẹun ìyá rẹ?"

"Mi ò ṣe é, mà."

"Ọ̀gá mi ní ìlara ni. Ó ní o mọ̀ pé o ò lè nà án láé."

Ojú Tẹ́ẹ́rẹ́ pọ́n, iṣan apá rẹ̀ yọ. Ìbínú gidi ni. Ojú Ìyá Ṣódálójú ló ń wò, ẹnu rẹ̀ ti là láti fèsì. Sájẹ́ǹtì fi ìka kan péré gbá a lápá fẹ́rẹ́. Apá méjèèjì tú kíá, Tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti fà sẹ́yìn kó tó mọ̀ pé òun ti tú u. Ó tún ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ìgbà tó ṣí.

Ìyá Ṣódálójú mọ̀ pé ìyẹn ò lè dúró nílé ẹjọ́. Ẹni tó fẹ́ pànìyàn lè pinnu pé òun ò gbọ́ ìlù. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó rí i.

"Jókòó, ọmọ mi. Sọ bó ṣe parí lánàá fún mi."

"Mo mú un lọ́rùn, ó tápù, mo tú u. Ó ní orí ló bá mi ṣe é. A rẹ́rìn-ín. Ó lọ wẹ̀, ó wọ bàtà, ó jáde. Ó ní ẹnì kan wà tóun fẹ́ lọ fojú ẹ̀ gbolẹ̀. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe."

"Ó wọ bàtà? O rí i?"

"Mo rí i, mà. Sílípáàsì ẹ̀ tí màmá mi rán."

Ìyá Ṣódálójú dìde. Ìgbà yìí ló tó mọ̀ pé ìyá yẹn ti fún òun ní ìdí ẹjọ́ látàárọ̀, òun ò gbà á. Àgbá wọ sílípáàsì kúrò ní gbọ̀ngàn. Wọ́n bá a nínú yàrá ìkẹ́rùsí láìsí sílípáàsì. Bó bá jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ló gbà padà wọlé, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni ìbá bọ́ ọ sí, ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ìbá sì ti rí i. Ilẹ̀kùn mìíràn ló gbà wọlé.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé o mọ géèmù gbá?"

"Ọmọ mi obìnrin máa ń nà mí, mà."

"Ìyẹn náà tó. Ká lọ."

*

Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ sínú ṣọ́ọ̀bù géèmù náà, nítorí náà bíi ti gbọ̀ngàn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Bàtà pọ̀ níbẹ̀, oríṣiríṣi. Ní igun, lábẹ́ fèrèsé, sílípáàsì dúdú kan tó fẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi dá wà. Ìyá Ṣódálójú fi ìka ẹsẹ̀ yí ti òsì padà. Òwú pupa ló wà ní gbòǹgbò okùn rẹ̀, wọ́n rán an ṣinṣin bí ẹni pé aṣọ ìgbéyàwó ni.

Kò mú un nílẹ̀. Ó wọlé.

Tẹlifíṣọ̀n kún ògiri, àwọn ọ̀dọ́ jókòó níwájú wọn pẹ̀lú páàdì lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Àtàǹpàkò, torí pé àtàǹpàkò rẹ̀ yára lórí bọ́tìnnì ju ti ẹnikẹ́ni lọ, kò sì sẹ́ni tó nà án rí. Ara rẹ̀ yá mọ́ wọn. Ó ní àwọn ọlọ́pàá náà lè ṣeré, kò burú.

"Èyí tí wọ́n ti ń jìjàkadì ni mo fẹ́," ni Ìyá Ṣódálójú wí. "Kí Sájẹ́ǹtì gbá a pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn."

Sájẹ́ǹtì mú páàdì bí ẹni mú ẹja tútù. Láìpẹ́, ọkùnrin tirẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ti wà nílẹ̀, tòdìkejì ti yí apá mọ́ ọn lọ́rùn. Ọwọ́ ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀.

"Ó ti ń tápù," ni Àtàǹpàkò wí fún oníbàárà rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. "Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tẹ̀ ẹ́, má dẹwọ́. Tó o bá dẹwọ́ báyìí, á bọ́."

Oníbàárà náà ń tẹ bọ́tìnnì kíkankíkan. Ọwọ́ orí tẹlifíṣọ̀n ń lu ilẹ̀, ó ń lù ú, kò sẹ́ni tó tú u sílẹ̀. Nígbà tó yá, agogo dún, ohùn òyìnbó kan kéde pé ọkùnrin Sájẹ́ǹtì ti tápù-áùtù. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá Ṣódálójú wò ó títí dé òpin. Ó ti mọ ẹni tí yóò bá oníjàkadì ṣeré ọrùn fífún tí kò ní í mọ̀.

"Ta ló ni sílípáàsì dúdú tó wà níta yẹn?" ni ó béèrè.

"Bóyá ẹnì kan gbàgbé ẹ̀ ni," ni Àtàǹpàkò wí. Kò wo ẹnu ọ̀nà rárá.

"Ó dára. Bá mi ṣí yàrá míta yín."

Ara Àtàǹpàkò ò yá mọ́, ṣùgbọ́n ó mú kọ́kọ́rọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ìyá Ṣódálójú jókòó sórí ògbólógbòó ẹní náà, ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ́rùn nínú géèmù yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe lójú ayé?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Fi hàn mí. Ara mi ni kó o ti ṣe é."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ọlọ́pàá ni mí, mi ò ní í yọ́."

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ wọn. Àtàǹpàkò kúnlẹ̀ lẹ́yìn Ìyá Ṣódálójú, ó yí apá mọ́ ọn lọ́rùn. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ìyá Ṣódálójú jẹ́ kó fún òun díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́, ó gbá a lápá, pẹ́, pẹ́, pẹ́.

Apá náà le sí i.

Ó tún lù ú. Ó tún le sí i. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn ò jáde. Ó na ọwọ́ sí sìmẹ́ǹtì, ó gbá a, ó sì ń gbá a, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọwọ́ méjèèjì ni Sájẹ́ǹtì fi já ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tó sì tì í mọ́ ògiri.

Ìyá Ṣódálójú wúkọ́ títí. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, kò pariwo.

"Mo lù ọ́."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tó o fi fún mi le sí i?"

"Ẹ ti ń tápù. Bí wọ́n bá ti ń tápù, a kì í dẹwọ́ mọ́. A ó fún un títí agogo á fi..."

Ó wo ẹní náà, ó wo sìmẹ́ǹtì, ó wo àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Ṣódálójú tó ti pọ́n. Ó jókòó sílẹ̀.

"Kò sí agogo níbí," ni Ìyá Ṣódálójú wí.

"Mo ti nà án lórí géèmù," ni Àtàǹpàkò wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó ní àtàǹpàkò kì í ṣe apá, pé kí n wá ṣe é lójú ayé. A wọlé síbí torí ẹní. Òun fúnra ẹ̀ ló jókòó, ló gbé ọrùn sílẹ̀ fún mi. Nígbà tó tápù, inú mi dùn. Mo ní mo mú Àgbá. Mò ń dúró de agogo, mà. Ìgbà tó rọ̀, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní kó dìde. Mo tún ní kó dìde."

"O wá sá."

"Mo sá. Mo tilẹ̀kùn."

"O gbọ́ pé wọ́n ti mú Tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Mo gbọ́."

"O sì dákẹ́."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n tara ẹlòmíràn lo dákẹ́ lé lórí." Ó wé gèlè rẹ̀ padà. Inú ń bí i, àánú ọmọ náà sì tún ń ṣe é, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. "Dìde. Ohun tó o sọ fún mi yìí, wàá lọ tún un sọ fún ọ̀gá mi."

*

Ọ̀gá àgọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé ìparí. Ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀, ó wo sílípáàsì tó wà lórí tábìlì.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni ó bi Ìyá Ṣódálójú.

Ìyá Ṣódálójú fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ níbi tó ti wú. "Ó dá mi lójú, sà."

Wọ́n tú Tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kò yà sílé. Ọ̀nà ọsibítù ni òun àti ìyá rẹ̀ gbà lọ tààrà, Ìyá Ṣódálójú sì bá wọn lọ, torí òun ló mú sílípáàsì dání. Ìyá náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nù ún, ó tò ó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ síta bí ti ẹni tó ń múra àtijáde. Lẹ́yìn náà ló gbé kúlà oúnjẹ kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀.

Àgbá ò tíì jí. Tẹ́ẹ́rẹ́ fa àga, ó di ọwọ́ ọ̀tún ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Kò sunkún ní àtìmọ́lé, àmọ́ níbí ó ń sunkún, kò sì fi í pa mọ́. Ó ní kí Àgbá máa lọ sí ìdíje, pé òun ò dù ú mọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń le sí i lórí àtẹ́lẹwọ́ tó wú náà, tí kò sì mọ̀.

Ìyá Ṣódálójú ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó wẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tó fi rí i. Ìka Àgbá gbéra lórí ẹ̀yìn ọwọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́, ó lù ú fẹ́rẹ́. Ó tún lù ú.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ti tú ọwọ́ kó tó mọ̀ pé wọ́n lu òun.